Bàbá Ẹ̀yìn-Aṣọ, Ẹni Tó Ń Fi Ọ̀rọ̀ sí Eléré Létí: Ìgbésí Ayé Olóògbé Silas Bọ́láwálé Akínfọlárìn (1949–2025)

Ní agboolé Akínfọlárìn, ní Òdòsidà, ìlú Oǹdó, ni wọ́n ti bí Silas Bọ́láwálé ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún 1949. Bàbá tó bí wọn ni Olóògbé Josiah Akínfọlárìn, àgbẹ̀ oníkòkó. Ìyá wọn ni Olóògbé Leah, obìnrin arẹwà tí kò mọ̀wé, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun kò mọ̀wé. Bí ó bá kan Màmá Leah láti ka àkọ́sórí láàárín ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, Silas ọmọ wọn á jókòó sẹ́yìn, á máa sọ ọ́ sí wọn létí díẹ̀díẹ̀. Ìyá á gbà á, ìyá á sọ ọ́ síta bí ẹni tí Ẹ̀mí gbé. Tí wọ́n bá délé, ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀, ti Silas ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rò pé torí ẹran ló ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ ayé rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Oǹdó náà ni Bàbá ti kàwé, láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n jáde níbẹ̀ ní 1970. Ní ọdún kejì, ìjọba gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́ láti máa kọ́ni. Ohùn tíṣà yìí kéré púpọ̀. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn kíláàsì a máa sún àga wọn síwájú kí wọ́n tó lè gbọ́.

Ní 1972, tíṣà ẹlẹgbẹ́ wọn kan, Ọ̀gbẹ́ni Fẹ̀yìntọlá, dá Ẹgbẹ́ Eléré Ìtànṣán sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Fẹ̀yìntọlá ló ń kọ eré, òun náà ló ń darí rẹ̀. Ẹni tó wà nídìí iná ni Rufus, ọmọ àdúgbò Ìsọlọ̀ ní Àkúrẹ́ náà, tó ń so wáyà kiri ilé onílé. Agolo mílíìkì ló ń gún nídìí, tó ń ki gílóòbù bọ̀ ọ́, tó sì ń fi bébà súìtì aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ ojú ọ̀run bo ẹnu rẹ̀, tí orí ìtàgé á fi dà bí ìrọ̀lẹ́ tàbí bí ìdájí. Silas náà wá gba ipa nínú eré. Ìlà kejì ìjókòó kò gbọ́ ohun tó sọ. Fẹ̀yìntọlá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ohùn yín kò lè dé ọ̀dọ̀ èrò, ṣùgbọ́n yóò dé etí eléré. Ẹ bọ́ sẹ́yìn aṣọ." Wọ́n gbé àpótí ìjókòó kan sẹ́yìn aṣọ orí ìtàgé fún wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ sí eléré tó bá gbàgbé létí. Báyìí ni ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlélógún ṣe di Bàbá Ẹ̀yìn-Aṣọ.

Òfin kan ni Fẹ̀yìntọlá fi lélẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà, gbogbo eléré ló sì búra sí i: ohun tó bá ti ẹ̀yìn aṣọ wá, gbà á, kí o sọ ọ́, má bèèrè. Eléré tó bá dúró rò ó ti da eré rú. Rufus náà ní tirẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé kì í pe iná ní iná, uná ló ń pè é. Kí aṣọ tó ṣí, Rufus á yọjú láti ìdí wáyà, á ní, "Uná mi rèé, Silas. Ọ̀rọ̀ rẹ dà?" Silas á dáhùn pé, "Ó ń bọ̀." Bí wọn kò bá tíì wí bẹ́ẹ̀ fún ara wọn, eré kò lè bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ pé gómìnà ló jókòó níwájú.

Ní oṣù Kejìlá 1974, Silas gbé Agnes níyàwó, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjọ̀mu, ní Àkúrẹ́, tó ń rán gbogbo aṣọ tí eléré ń wọ̀. Agnes kò fẹ́ràn kí ojú pọ̀ lára rẹ̀. Níwájú pẹpẹ, nígbà tí àlùfáà ní kó tún ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó sọ, ẹnu rẹ̀ kò là. Ọkọ ìyàwó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ ẹ̀jẹ́ ìyàwó sí i létí, ìyàwó sì ń gbà á sọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín débi pé àlùfáà pàápàá fi ìwé bojú. Títí di òní, Màmá a máa ní ọkọ òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

Ọlọ́run fi ọmọkùnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ ní 1976, wọ́n sọ ọ́ ní Dámiláre. Ní 1979, Fẹ̀yìntọlá kọ eré kan tó pè ní Ta Ló Ń Kanlẹ̀kùn. Nínú eré náà, ọmọ ọkùnrin kan ni kò padà dé láti odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Lójoojúmọ́, bàbá ọmọ náà á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ṣí ilẹ̀kùn, á sì wí fún ìta pé, "Wọlé, oúnjẹ rẹ ṣì gbóná." Kò sí ẹni tí ń wọlé. Iná á rọra lọ, eré á parí síbẹ̀. Àbdùlláhì, ọmọ Mùsùlùmí ará Àkúrẹ́ tó ṣe bàbá náà, kò rí gbólóhùn yẹn sọ fúnra rẹ̀ rí. Bó bá ti kù díẹ̀, omi á lé sójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á fò lọ lórí rẹ̀, Silas á sì fi í sí i létí. Wọ́n ṣe eré náà káàkiri Oǹdó, Ìjù, Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ àti àwọn ìlú mìíràn.

Ìjù ni wọ́n ti ń ṣe eré náà ní ọ̀sán Sátidé kan ní 1983, nígbà tí ibà tó mú Dámiláre lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ní Oǹdó gbẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Rufus ni oníṣẹ́ náà kọ́kọ́ bá, nídìí iná. Rufus wo orí ìtàgé, ó wo Silas lórí àpótí. Ó jẹ́ kí eré dópin kó tó sọ ọ́. Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọn kò ké. Wọ́n ní, "Rufus, ọmọ mi ti lọ, èmi sì wà níbí tí mò ń ní kó wọlé." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní àwọn kò ní fi gbólóhùn náà sí ẹnikẹ́ni létí mọ́. Fẹ̀yìntọlá kò bá wọn jiyàn. Ó gbé eré náà tì. Bàbá kò sì dárúkọ Dámiláre nínú ilé mọ́. Ó dun Màmá Agnes. Ó dùn wọ́n jọjọ, nítorí ẹni tó bá jọ bí ọmọ ló yẹ kó jọ sunkún rẹ̀, ẹkún náà sì dá lé Màmá nìkan lórí.

Ọlọ́run tún fún wọn ní Moríyọ̀ ní 1985 àti Tìmílẹ́yìn ní 1988. Ní 2006, Bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì padà sí Òdòsidà. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n títí dọ́jọ́ ikú. Ẹgbẹ́ akọrin kò gbà wọ́n rí nítorí ohùn, wọn kò sì bínú. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá bíi Màmá Leah ní a, b, d, ọ̀fẹ́. Àwọn kan nínú àwọn ìyá náà wà níjókòó lónìí tí wọ́n ń fi ojú ara wọn ka ìwé yìí.

Fẹ̀yìntọlá kú ní 2011. Moríyọ̀ gba ẹgbẹ́ náà, òun ló ń darí rẹ̀ di òní. Rufus ṣì wà nídìí iná, Màmá wà nídìí aṣọ, Bàbá wà lórí àpótí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2020, ọpọlọ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n á jáde, wọn kò ní mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n á pe Tìmílẹ́yìn ní Rufus. Dókítà ní kí wọ́n lọ sinmi. Bàbá pe Moríyọ̀ sí yàrá, wọ́n ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Má gbé mi kúrò lórí àpótí mi." Lóòótọ́, tí wọ́n bá ti jókòó sẹ́yìn aṣọ, ọ̀rọ̀ inú eré kì í sọ nù lọ́wọ́ wọn. Moríyọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Àjíǹde 2022, wọ́n ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan ní Àkúrẹ́. Àbdùlláhì, tó ti di Alájì onírùngbọ̀n funfun, ló ṣe olówó tó ń bá àwọn àna jà. Níbi tí ìjà ti le, ó gbàgbé ọ̀rọ̀, ó sì yíjú sí ẹ̀yìn aṣọ. Ohùn kékeré náà wá: "Wọlé, oúnjẹ rẹ ṣì gbóná." Àbdùlláhì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó nìyí. Òfin ni òfin. Ó gbà á, ó sọ ọ́. Bàbá fi òmíràn lé e, Àbdùlláhì gbà á. Báyìí ni eré ẹ̀rín ṣe di eré tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti nǹkan bí ogójì ọdún. Rufus ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó rọra pa iná funfun, ó tan ti ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìtàgé, Màmá Agnes fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ń rán bojú. Láti ọjọ́ Ìjù, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ tí ọkọ wọn pe ọmọ náà wọlé.

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé bí eré ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí gbọ̀ngàn dá, Moríyọ̀ gbé àpótí náà sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá bi í pé, "Ṣé mo ṣì í sọ ni?" Moríyọ̀ ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ sọ ọ́ re. Ó ti tó ni." Bàbá kò bá a jà. Wọ́n kàn ń bojú wẹ̀yìn wo àpótí náà títí ọkọ̀ fi dé Oǹdó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu wọn. Rufus a máa wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ wá kí wọn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Uná mi rèé, Silas. Ọ̀rọ̀ rẹ dà?" Bàbá á máa wò ó bí ẹni tó ń wo àjèjì. Rufus fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn pé, "Ó ń bọ̀," á sì jókòó.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní 2025, Màmá gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún wọn. Bàbá ń wo ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Wọlé, oúnjẹ rẹ ṣì gbóná," wọ́n sì dákẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń dákẹ́ kí eléré lè gbà á. Kò sí ẹni tó gbà á. Wọ́n tún un sọ. Màmá Agnes, tí kò sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé rí láyé wọn, gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gbóhùn sókè: "Wọlé, oúnjẹ rẹ ṣì gbóná. Dámiláre, wọlé." Bàbá mi orí, bí wọ́n ṣe máa ń mì í bí eléré bá ti rí ọ̀rọ̀ náà mú. Wọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Kí ẹ̀kọ tó tutù, wọ́n ti lọ. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Bàbá fi ìyàwó sílẹ̀, Màmá Agnes Akínfọlárìn. Àwọn ọmọ, Moríyọ̀ àti Tìmílẹ́yìn. Àwọn ọmọ-ọmọ, Àánú, Ìbùkúnolúwa àti Peculiar. Àbúrò kan, Oríọlá. Àti Rufus, tí kì í ṣe ẹbí, ṣùgbọ́n tí a kò mọ ibòmíràn tí a lè kọ orúkọ rẹ̀ sí. Dámiláre ti ṣáájú wọn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa sin wọ́n, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi irú rẹ̀ san án fún yín. Ẹ sùn re o, Bàbá Ẹ̀yìn-Aṣọ. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, tí ẹ sì kanlẹ̀kùn, kí ohùn ọmọ kékeré dá yín lóhùn láti inú ilé pé, "Ẹ wọlé, Bàbá, oúnjẹ yín ṣì gbóná."