Ta Ní Ń Pa Adìẹ Yín?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹsàn-án 2018

Tíṣà kan wá sí ìsọ̀ mi lónìí, ó ń tú aṣọ wò, kò ra nǹkan kan. Krisanta lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí n wá bá àwọn ọmọ kíláàsì keje òun sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn Ìsìláàmù, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ Kátólíìkì ni gbogbo wọn. Mo ní kí ló dé tí kò pe Imáámù. Ó ní, "Àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù ọkùnrin onírùngbọ̀n, Alhaja. Ẹ̀yin, ẹ jọ ìyá àgbà wọn."

Ìyá àgbà. Èmi tí n kò tíì pé àádọ́ta.

Mo gbà ṣá. N kò mọ ìdí tí mo fi gbà.

Ọjọ́rú, 5

Oníbèéèrè tún dé — orúkọ tí mo sọ tíṣà yẹn nìyẹn. Mo rò pé ohun tí n óò sọ fún àwọn ọmọ la máa jíròrò. Rárá o. "Alhaja, ta ní ń pa adìẹ yín?" Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. "Níbo ló ń gbé?" Lọ́dọ̀ mi. "Ọmọ ibo ni? Ìgbà wo ló máa ń wà nílé?" Mo ní aṣọ ni mò ń tà, n kì í ta adìẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Kí ló pa á lẹ́rìn-ín?

Alinor ni ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ kú nínú ogun tí sójà àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà ní Marawi, ìlú àwa Mùsùlùmí, lọ́dún tó kọjá. Ilé wọn jó, káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ jó mọ́ ọn. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Marawi tí kò ní káàdì — ojú ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi bá mi sọ kẹ́yìn lórí fóònù ni pé kí n má jẹ́ kí àwọn sójà gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ẹlẹ́ja tó wà níwájú ìsọ̀ mi ló sọ fún mi: sójà ni ọkọ Oníbèéèrè.

Jímọ̀, 7

A kírun tán, mo bọ́ síta, Oníbèéèrè nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, òun àti Imáámù. Mo dúró dìgbà tó lọ. Imáámù ní, "Ọ̀rọ̀ Alinor ló ń béèrè. Obìnrin dáadáa ni, Alhaja, ẹ fọkàn balẹ̀." Imáámù wa yìí, bí kìnnìún bá kan ilẹ̀kùn, á ní kó wọlé wá jẹun. Mo ní kí ló fẹ́ fi Alinor ṣe. Ó ní kò sọ, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ̀rín yẹn náà ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Àìkú, 9

Mo ti pinnu. Alinor á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́la, á lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ ní Iligan. Kò fẹ́. Ó ní, "Àǹtí, kí ni mo ṣe?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ lọ. Ó ní àyẹ̀wò káàdì lọ́hùn-ún le ju tibí lọ. Mo ní kó panu mọ́. Ó ń pọ́n ọ̀bẹ tó fi ń pa adìẹ bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo rì í mọ́ inú ìrẹsì.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ó ti lọ. Kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo ti ṣe é. Ọmọ kún yàrá bámúbámú, fáànù kan ṣoṣo. Mo fi abọ́ omi ṣe àlùwàlá fún wọn, mo ṣàlàyé ààwẹ̀, mo ní Mariamu ìyá Jésù ní odindi súrà nínú Kùránì wa. Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá mo máa ń fi ìborùn sùn. Òmíràn ní ṣé Ọlọ́run wa gbọ́ Bìsáyà, èdè tiwọn. Mo ní ó gbọ́ ọ dáadáa, òun ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kí òjò má rọ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Lọ̀kan bá dìde: "Ṣé ẹ ní bọ́ǹbù nílé?" Mo wo Oníbèéèrè — ojú tì í, ó fẹ́ dìde. Mo ní a ní sílíńdà gáàsì kan tó ń jò, èmi fúnra mi ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, n kò ní parọ́.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ìrẹsì, ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tíṣà ní, "Ẹ má bínú, Alhaja. Adìẹ la fẹ́ fi ṣe yín lálejò, àwọn ọmọ ti mú un wá láti ilé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè jẹ èyí tí Mùsùlùmí ò pa. Ọmọ yín ni mò ń wá káàkiri kó bá wa pa á. Mo délé yín lánàá, wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Ta ní ń bi àlejò bóyá ó máa jẹun?"

Tiwa náà nìyẹn. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Àti "ọmọ ibo ni" — ta ni àwọn Bìsáyà ò bi í rí? Àwọn adìẹ náà wà lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n so wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́ ìdí àgbọn. Mo fi ẹyin náà sílẹ̀ láìjẹ.

Alinor kò tíì pè.

Ọjọ́rú, 12

Àbúrò bàbá rẹ̀ pè. Àwọn sójà ní káàdì rẹ̀ dà, wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní èbúté. Gbogbo èrò ọkọ̀ lọ, òun nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ.

Èmi ni mo fi í lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, foríjì mí.

Ọjọ́bọ̀, 13

Oníbèéèrè dé láàárọ̀, ó gbé àwọn adìẹ yẹn wá nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní ti àlejò ni, wọn kì í dá a padà. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn. N kò tì í. Mo sọ ohun gbogbo fún un, títí kan ìdí tí mo fi lé ọmọ náà lọ.

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀. "Ẹ rò pé mo fẹ́ tà á."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ọkọ òun mọ ọ̀gá kan ní èbúté yẹn. Bóyá ó lè ràn wá lọ́wọ́, bóyá kò lè ràn wá, òun ò ní ṣèlérí. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá ohun tí wọn kò tíì mọ̀ nípa ọmọ náà ni mo tún fẹ́ kó lé wọn lọ́wọ́. Mo wò ó títí, n kò rí ìdáhùn lójú rẹ̀.

Ó ti yọ fóònù, ó ń dúró dè mí. "Kí lorúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, Alhaja? Ọmọ ibo ni? Ta ni bàbá rẹ̀?"

Àwọn adìẹ ń ké láàárín wa. Mo dá a lóhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.