Ìfúnpá Dókítà

Dókítà mi,

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ wà nínú báàgì mi, má wulẹ̀ wá a. Nígbà tí o ti ibi iṣẹ́ ọjọ́ kan àtààbọ̀ dé láàárọ̀, o fọ ọwọ́ dé ìgúnpá bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Mo bi ọ́ pé ṣé wàá jẹun, o ní kí n mí sínú dáadáa, lo bá sùn lọ lórí ìdúró.

Mo fà ọ́ dórí àga, mo sì fi ẹ̀rọ tí o rà fún mi wọn ìfúnpá rẹ wò. Ó ga ju tèmi lọ, èmi tí o fi iyọ̀ dù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni: tí aláìsàn bá gbé irú rẹ̀ wá bá ọ, kí lo máa ní kó ṣe? Kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí kí n tó dé.

Ìyá rẹ