Àlejò Tó Fẹ́ Mú Ajá Wọ Ilé Rẹ ní Jabi

Ìlú Ìyàrà,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò.

Ayọ̀midọ̀tun ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kun o! Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara rẹ le? Níyìolúwa ọmọ rẹ, ọkọ mi kékeré, ńkọ́, ṣé ó ti ń fi Yorùbá dá ọ lóhùn báyìí, àbí ó ṣì ń gbọ́ ọ lásán bí ẹni ń gbọ́ rédíò? Iṣẹ́ ìjọba ńkọ́, ṣé ọ̀gá yín ní mínísìrì ti ń jẹ́ kí ẹ mí? Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a wà láyé, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ la ọ̀nà Lọ́kọ́ja kọjá lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ lọ sí Àbújá pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, tó wá sọ ọ́ di ẹni tí àwọn mìíràn ń wá sùn sí ilé rẹ̀, Ọlọ́run náà kò ní jẹ́ kí ilé rẹ ṣófo, kò sì ní jẹ́ kí ẹni ibi bá ẹni ire wọ ibẹ̀. Sọ Àmín níbi tí o ti ń kà á yẹn, má fojú kà á kọjá.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí o. Bí o bá rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ń gba ojú ìlà kan, ojú mi ló fà á, kì í ṣe ìgbéraga. Mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, fóònù kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbàdúrà parí kó tó já. Mo dúpẹ́ fún oògùn tí à ń kán sójú, mo dúpẹ́ fún ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó tí o rà ní ọjà Zuba tí o fi rán dírẹ́bà. Mo pín in títí, ẹni tí kò bá jẹ níbẹ̀ ní àdúgbò yìí, á jẹ́ pé ó rìnrìn àjò ni.

Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tí o sọ fún mi lọ́jọ́sí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. O ní bí àwọn àlejò tó ń sanwó sùn ní yàrá ẹ̀yìn rẹ bá ń lọ, ìràwọ̀ márùn-ún ni wọ́n máa ń fún ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹnì kan fún ọ ní mẹ́rin nítorí pé o kò jẹ́ kó mú ajá rẹ̀ wọlé. Mo gbé e lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn ìyá. Gbogbo wa gbààwẹ̀. Mo ní ẹni yòówù tí ìràwọ̀ karùn-ún ọmọ mi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe abẹ́ omi ló gbé e pamọ́ sí, kó dá a padà kíá. Ìyá ìjọ béèrè lọ́wọ́ mi pé mẹ́rin tó kù ńkọ́, ṣé ibi tó dára ni wọ́n wà. Mo ní inú fóònù rẹ ni. Ó ní à á fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo fóònù náà ni, a sì bò ó. Bí o bá rí i pé bátìrì rẹ ń pẹ́ sí i, o ti mọ ibi tó ti wá.

Ìyẹn ló gbé mi dé orí ohun tí o bi mí. O ní kí n sọ òótọ́ inú mi fún ọ, ṣé kí o máa gba àwọn àlejò tó ń mú ẹran ọ̀sìn wá ni, àbí kí o máa dá wọn padà. Ọmọ mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú mi dùn, mo sì bínú sí ọ díẹ̀. Nílé wa níbí, àlejò tó gbọ́n kì í ṣánwọ́ wá. Adìyẹ ni yóò gbé lọ́wọ́, bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì dẹ̀, yóò fa òbúkọ. Onílé á ní wọn ì bá má ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n á ti máa wá ọ̀bẹ. Mo wá ń rò ó pé irú ọmọ wo ni mo bí yìí, tí àwọn ènìyàn ń fa ẹran wá fún un láti ọ̀nà jíjìn, tó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Mo ti ṣètò rẹ̀ lọ́kàn mi pé kí Mukhtar tó ń ṣọ́ géètì yín máa bá ọ dúńbú wọn, kí o sì máa fi itan kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sílé.

Mùkáílà ló là mí lóye. O kò mọ̀ ọ́n, ọkùnrin Ìlọrin kan ni, ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà lẹ́yìn ìgbà tí o wálé kẹ́yìn, òun ló ń bá wa gba iná sí fóònù tó sì ń ta káàdì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ó ní àwọn àlejò yẹn kì í fi ẹran wọn sílẹ̀ fún onílé o, wọ́n ń mú un wá ni, wọ́n á sì tún mú un lọ. Mo ní láìpa á? Ó ní láìpa á. Ó ní òmíràn ń bá olówó rẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ inú agolo ni wọ́n sì ń rà fún un. Mo ní kó fún mi lómi mu ná.

Ajá tó ya tìmùtìmù rẹ nígbà náà lọ́hùn-ún, kí o tó ṣòfin, o ní Bíńgò ni wọ́n ń pè é. Mo ti ro orúkọ yẹn síwá sẹ́yìn, mi ò rí ẹni tó ń bá wí. Ìwọ náà mọ̀ pé Bàbá rẹ kò jẹ́ sọ ajá ní orúkọ tí kò ní í jíṣẹ́. Nígbà tí òun àti Àjíṣafẹ́ aládùúgbò wa ń jà lórí ààlà oko, ó ra ajá, ó sọ ọ́ ní Ẹ̀yìnlàárò, kí Àjíṣafẹ́ lè máa ro ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ni yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà tí yóò máa fi gbogbo ohùn pè é, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ajá náà dùbúlẹ̀ sí. Àjíṣafẹ́ náà lọ ra tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Wọnòlèmúmi. Bí ọ̀kan bá pè tán, èkejì á pe tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ja ìjà náà láìbú ara wọn nìyẹn, títí Bàbá rẹ fi sùn nínú Olúwa. Ẹni tó wá ń pe Bíńgò yìí, ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Bí o bá tún rí i, bá mi bi í.

Mo mọ̀ pé o lẹ́jọ́ rò. O ní onílé tí ẹ̀ ń san owó ilé fún ń kùn, o ní Bíńgò yàgbẹ́ sẹ́yìnkùlé, olówó rẹ̀ sì bá tirẹ̀ lọ, ìwọ lo kó o. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. O tún ní Mukhtar kò fẹ́ kí ajá fẹnu kan búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó sì jàre, ìyà wo ló jẹ ẹ́ tí yóò fi máa fọ búútà nítorí àlejò ẹlòmíràn? Irun ẹran sì ń mú àwọn mìíràn sín. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ń mú ajá bọ̀.

Láti ọdún tó kọjá ni o ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá kí wọ́n bá mi yọ ohun funfun tó bo ojú mi. O gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, mo ní à ń gbin iṣu. O tún gba òmíràn, mo ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kù sí dẹ̀dẹ̀. O bínú, o ní àfi bíi pé mi ò fẹ́ ríran mọ́. Ayọ̀, kì í ṣe iṣu, kì í ṣe ìkórè. Ẹ̀yìnlàárò ni. Láti ìgbà tí ojú ọ̀tún ti lọ, tí ti òsì sì fẹ́ tẹ̀ lé e, ajá yìí ló ń mú mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Á rìn díẹ̀, á dúró dè mí. Bí kòtò bá wà níwájú, á fara dí mi lẹ́sẹ̀. Ibi tí Bàbá rẹ máa ń dúró sí pè é láàárọ̀, ibẹ̀ náà ló ṣì máa ń jókòó sí, á máa wo ọ̀nà. Ẹni tó mọ ìṣe òkùnkùn kì í dá òṣùpá lóró, ta ni kí n wá fi í sílẹ̀ fún? Àjíṣafẹ́ ní ìjà ti parí, ó ní òun á bá mi tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, itan ajá náà ló ń wò, mo sì mọ̀ pé ata rodo rẹ̀ ṣe dáadáa lọ́dún yìí.

Ilé rẹ sì lófin. Mo rí i nígbà tí mo wá, kí ojú mi tó burú, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àwòrán ajá tí wọ́n fi ìlà pupa dábùú. Mo rò nígbà yẹn pé ajá kan ló kú ní àdúgbò yín tí ẹ fi ń ṣe ìrántí rẹ̀, mo bá Mukhtar kẹ́dùn lọ́jọ́ náà, òun náà sì fi Haúsá dáhùn pé yauwa, ó dára. Mùkáílà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Mo wá rò ó pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sùn nílé rẹ, inú fóònù ló ń gbà wọlé. Bí ìyá onílé bá lọ ń já ìlà, kí ni àwọn tó ń sanwó yóò sọ? Mo ní kí Mùkáílà bá mi tò síbẹ̀. Kí n má purọ́, ẹ̀rù tún ń bà mí. Mo ní bí o bá máa kọ̀, Mùkáílà ni kí o kọ̀ fún, kí n má baà fetí ara mi gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí mo bí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá arúgbó kan ń bọ̀ wá ṣe ojú ní Àbújá, ajá rẹ̀ ló ń mú un rìn, ṣé wọ́n lè gba àwọn méjèèjì. Orúkọ Mùkáílà ló wà níbẹ̀, àwòrán òun àti fìlà rẹ̀ ni, kò sí bí o ṣe fẹ́ mọ̀ pé èmi ni.

Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ó sáré gbé ìdáhùn rẹ dé. O ní ilé rẹ kì í gba ẹran. O wá ní ṣùgbọ́n ìyá tìrẹ náà wà nílé, ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní ajá kan tí kò lè fi sílẹ̀, ó ń fi iṣu àti ìkórè bojú, o kò sì mọ bí o ṣe máa sọ fún un pé kó mú un bọ̀ kí ojú má tì í. Àṣé o mọ̀! O ní nítorí tirẹ̀, kí màmá yẹn máa bọ̀, kí wọ́n kàn wẹ ajá náà, yóò sùn ní fàráńdà ẹ̀yìn, o kò ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, àti pé ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá pàdé wọn ní gáréèjì Jabi. Mo ní kí Mùkáílà tún un kà. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀wà dà sílẹ̀, adìyẹ sì ń ṣà á jẹ, mi ò lé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúpẹ́ ohun tí o ń ṣe fún mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ohun tí o máa ń ṣe nígbà tí o kò mọ̀ pé èmi ni. Mo ti rí i báyìí. Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Mo dúpẹ́ gan-an.

Nítorí náà, ohun tí mo rí sí ọ̀rọ̀ tí o bi mí nìyí: má ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, má sì tì í pa. Kí àlejò wẹ ẹran rẹ̀, kó so ó mọ́lẹ̀, kó kó ìgbẹ́ rẹ̀, kó sì jìnnà sí búútà Mukhtar. Lẹ́yìn náà, bi í pé kí ni ẹran náà ń ṣe fún un. Bí ó bá rí èsì fún ọ, jẹ́ kó wọlé. Àwòrán ara ògiri yẹn, jọ̀ọ́ bá mi yọ ọ́ kí a tó dé, Ẹ̀yìnlàárò ti dàgbà, mi ò fẹ́ ohun tí yóò bà á lọ́kàn jẹ́ nínú ilé ọmọ.

Fi owó ọkọ̀ wa ránṣẹ́. Dírẹ́bà ní ajá á sanwó àga tirẹ̀, mo sì bá a jà pé kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Fi owó ọṣẹ tí a ó fi wẹ̀ ẹ́ kún un, àti ti ìborí tuntun kan fún èmi náà, kí n má baà dé Jabi kí wọ́n rò pé ajá ló ń tọ́jú mi. Ọwọ́ Mùkáílà ni kí o fi sí, má fi sí báńkì. Báńkì yẹn ń yọ owó ìtọ́jú káàdì lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ àpótí mi ni káàdì náà wà, inú ọ̀rá ni mo wé e sí, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nísàlẹ̀ ìdáhùn rẹ, o béèrè pé ṣé màmá náà kò wá ní ọmọ kankan ní Àbújá tó lè gbà á sílé ni. Mùkáílà bi mí pé kí ni kóun kọ. Mo ní kó fi sílẹ̀, èmi ni màá dáhùn. Màmá náà lọ́mọ, Ayọ̀midọ̀tun. Ó ní ẹyọ kan, ní Jabi, ó sì ti gbà á sílé kó tó mọ ẹni tó ń gbà.

Bí o ṣe ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí o kò mọ̀, ìlẹ̀kùn tí o kò kàn yóò máa ṣí fún ọ. Níyìolúwa yóò dàgbà, yóò mú ọ lọ́wọ́ rìn nígbà tí ó bá kàn ọ́, kò ní jẹ́ ajá. Ojú rẹ kò ní rí ibi, ojú tèmi náà yóò sì là láti rí ọ dáadáa. Àmín.

Mùkáílà ní bí èmi náà bá sùn tán, wọ́n á ní kí n fún onílé ní ìràwọ̀. Mo ti sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé kí wọ́n máa jẹun wọn. Karùn-ún yẹn ti jáde, ọwọ́ mi ló wà, mò ń gbé e bọ̀.

Èmi ni àlejò rẹ, ìyá rẹ,
Jemimah Ọbayẹmí.