Àyẹ̀wò Ìkẹyìn Kí Onílé Tó Sùn

Èmi, ẹni tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ sí Bàbá Ẹ́ẹ̀sì, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ìwé ìbí mi wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ tí wọ́n sọ mí. Orí mi pé. Ẹ̀dọ̀fóró mi nìkan ni kò gbọ́ tèmi mọ́. Kò sí ẹni tó fipá mú mi, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ mí. Ká ní ẹnìkan ti bẹ̀ mí ni, bóyá ǹ bá ti kọ ọ́ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

1. Lọ́yà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìtẹ̀wé ni mo yàn pé kó mú ìwé ìhágún yìí ṣẹ. Kó má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi títí àwọn ọmọ mi méjèèjì yóò fi jókòó nínú yàrá kan náà, tí yóò sì ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Bí ọ̀kan bá dìde, kó dúró dè é. Mo mọ̀ pé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

2. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí mo ń gbé jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Àkọ́bí mi obìnrin, tí à ń pè ní Túnwò torí pé kì í ti ilẹ̀kùn kó má padà wá fọwọ́ tì í wò, ni kó gba yàrá méjì iwájú. Kí àbúrò rẹ̀, Wàràwàrà, gba méjì ẹ̀yìn. Wàràwàrà, òrùlé ẹ̀yìn yẹn ṣì ń jò. O ti ní wàá tún un ṣe látìgbà tí ọmọ rẹ kò tíì hu eyín.

3. Rédíò ìyá wọn kò ṣe é pín. Kó wà ní pálọ̀. Nígbà tí mo rà á láì sọ fún un, oṣù méjì gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, kò lè sùn láìsí i. Èmi náà kò lè sùn báyìí láìsí i.

4. Ajá mi di ti Túnwò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń jẹun lóòjọ́, kó má fi ojú àánú tàn ọ́ jẹ. Ìwọ náà máa jẹun, ọmọ mi. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, eegun ọrùn rẹ ti yọ síta, mi ò sì lè sọ ọ́ lójú rẹ torí pé mo mọ ẹni tó fà á.

5. Àkàbà mi, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti tẹ̀, di ti Wàràwàrà. Ìdí rẹ̀ gùn díẹ̀.

Lọ́yà, bí àwọn ọmọ ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún mi nìyí, nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń jẹun lórí tábìlì mi. Inú ẹ̀rọ ńlá kan ni wọ́n máa ń kó ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sí, bí ayálégbé nínú ilé kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ló nilé. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ránṣẹ́ síta, ó gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró, kó jáde, kó kan ilẹ̀kùn onílé, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá yẹn fúnra rẹ̀, kí onílé bá a ṣe é, kó tó padà wọlé. Ìjáde yẹn ló ń jẹ àkókò. Iṣẹ́ àwọn ọmọ mi ni láti dín in kù.

Wọ́n wá gbé pátákó kan sáàárín. Ayálégbé á kọ ohun tó fẹ́ síbẹ̀ láì jáde, onílé á sì máa wò ó. Bí iṣẹ́ bá tán, onílé á gbé àkọlé jáde pé òun fẹ́ sùn, kí ẹni tó bá tún ní iṣẹ́ kan ilẹ̀kùn. Túnwò ní lẹ́yìn àkọlé yẹn, onílé gbọ́dọ̀ tún wo pátákó lẹ́ẹ̀kan kó tó sùn, torí ẹnìkan lè ti kọ nǹkan síbẹ̀ kété kí àkọlé tó jáde, kó sì máa rò pé wọ́n ti rí i. Wàràwàrà ní ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé, àti pé àyẹ̀wò náà ń fa àwọn sẹ́yìn. Ó máa ń ní kí ẹ̀gbọ́n òun tún fọwọ́ kan imú ara rẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń mí. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wà lórí àkàbà yìí nílé iṣẹ́ tí èmi àtàwọn ọmọ mi jọ ń ṣiṣẹ́, mò ń yọ asẹ́ ẹ́ẹ̀sì tó wà lókè tábìlì Túnwò. Túnwò ti lọ jẹun. Àbúrò rẹ̀ wọlé, ó jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ ọjọ́ ìbí ìyá wọn. Ọ̀gá ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Ó yọ àyẹ̀wò ìkẹyìn yẹn kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tó gbójú sókè tó rí mi, ó fi ìka kan ètè, bó ṣe máa ń ṣe lọ́mọdé tó bá jí ṣúgà lá. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mi ò mọ ohun tó ṣe títí tó fi wá kúnlẹ̀ níwájú mi, tó jẹ́wọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀kan tó ń sọ yẹn ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé yẹn ni kọ̀ǹpútà tó ń pe àwọn awakọ̀ áńbúláǹsì. Ó kọ ìpè kan sórí pátákó ní kété tí onílé ń gbé àkọlé oorun rẹ̀ jáde. Ogójì ìṣẹ́jú ni ìpè náà fi wà níbẹ̀, kí iṣẹ́ mìíràn tó mú kí ayálégbé náà kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tí wọ́n ń pe áńbúláǹsì fún ti kú, tòun toyún inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ Wàràwàrà ni ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú náà bi mí pé ta ni mo rí nídìí tábìlì Túnwò. Mo ní òkè ni mo kọjú sí. Orúkọ Túnwò ni kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ pé ó ṣe é, wọ́n sì lé e. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé ló ti ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ènìyàn báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí bóyá mo rí ẹnìkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo purọ́ fún un. Ìyàwó Wàràwàrà lóyún nígbà náà, mo sì ti gbà pé èjìká Túnwò gbòòrò. Mo wo ọmọ mi méjèèjì, mo yan èyí tí mo rò pé kò ní wó. Ó wó.

6. Kí lọ́yà mú ẹ̀dà ìwé yìí lọ fún ìgbìmọ̀ náà, àti fún ọkọ obìnrin náà, kí wọ́n tó sin mí. Wàràwàrà, ohun tí wọ́n máa ṣe sí ọ ń bà mí lẹ́rù. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ dé ibẹ̀ ṣáájú lọ́yà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣì lè bẹ̀ ọ́ nìyẹn.

7. Ẹlẹ́rìí mi kejì kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Òfin ò gbà á láàyè, òun náà ò sì béèrè.

Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Bàbá Ẹ́ẹ̀sì

Lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ sí i, mo tún kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i pé mi ò kọ ọ́ gbangba níbì kankan: Túnwò kò jẹ̀bi. Mo tún fọwọ́ sí i.

Bàbá Ẹ́ẹ̀sì

Àwọn tó rí mi nígbà méjèèjì tí mo fọwọ́ sí i:

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé mi.

Awakọ̀ áńbúláǹsì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà fún ogójì ìṣẹ́jú, tó ń retí kí fóònù dún.