Ìgbòkun Yín Kò Ní Àbùkù

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ilé wa níbí. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu sì ti dẹwọ́. Ara ìyàwó mi, ọmọ yín, le, àwọn ọmọ-ọmọ yín náà ń dàgbà. Èmi nìkan ni ọkàn mi kò balẹ̀, ohun tó sì fà á ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ rántí ìgbòkun tí ẹ rán fún ọkọ̀ mi. Odindi oṣù méjì lẹ fi kúnlẹ̀ lé aṣọ náà lórí nínú ṣọ́ọ̀bù yín, pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́ àti abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Mo rí yín, mi ò sì fìgbà kan béèrè bóyá ó rẹ̀ yín.

Àwa òṣìṣẹ́ èbúté máa ń fi ọkọ̀ onígbòkun díje láàárín ara wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ta ìgbòkun náà sórí ọkọ̀ mi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Mo fa gbogbo okùn títí wọ́n fi le gbagidi, torí èrò mi ni pé okùn tó bá le ló ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ mi ń wọ́ bí ìgbín. Ọkọ̀ méje la jẹ́, èmi ni mo ṣe ìkeje. Àwọn tó dúró létí omi ń béèrè bóyá ẹja ni mò ń pa.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ìgbòkun náà wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, mo jù ú sílẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà yín mẹ́ta. Mo ní, “Màmá, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ṣì ń ríran.” Ẹ kò bú mi. Ẹ kàn ní, “Àna mi, ṣé ẹ ka ìwé tí mo fi sínú àpò rẹ̀?” Mo ní ìwé kọ́ ni mò ń wá. Bí mo ṣe gbé ìgbòkun náà tàpòtàpò jáde nìyẹn. Mo sì tún gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri èbúté, ẹni tó bi mí léèrè àti ẹni tí kò bi mí léèrè ni mo sọ fún.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí à ń pè ní Tíṣà ní kí n fún òun ní ìgbòkun náà kí òun fi bo ọkọ̀ òun lọ́wọ́ òjò. Mo fún un. Nígbà tí ìdíje mìíràn dé, òun ni Tíṣà ta sórí ọkọ̀ rẹ̀. Ó kọjá lára mi bí ẹni pé wọ́n so ọkọ̀ mi mọ́lẹ̀. Ìgbòkun yín yọ ikùn roboto bí àyà ẹyẹlé, àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ rán sí etí rẹ̀ sì ń fò gbọọrọ sẹ́yìn.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo bi í pé kí ló tún ṣe lára aṣọ náà. Ó ní, “Mi ò fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ìwé kan wà nínú àpò ẹ̀, ohun tó sọ ni mo ṣe.” Ó nà án sí mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni: “Bí afẹ́fẹ́ bá rọ, ẹ dẹ okùn, kí aṣọ lè ní ikùn. Bó bá le, ẹ fà á, kí ikùn náà wọlé.”

Tíṣà ní kí n wọlé sínú ọkọ̀ òun. Ó kọ́kọ́ fa okùn bí mo ṣe ń fà á. Ìgbòkun tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì, àwọn ọ̀já náà ká sẹ́yìn, ọkọ̀ sì kú sójú kan. Lẹ́yìn náà ló dẹ okùn tó ń na igun aṣọ lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀pá tó dábùú nísàlẹ̀ ìgbòkun, ó sì dẹ èyí tó ń fa ọ̀pá náà wálẹ̀. Bí ìka mẹ́rin péré ló dẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbéra. Mi ò lè gbójú sókè.

Mo délé, mo rò ó fún ọmọ yín. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ẹ ti faṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ yín, pé ẹ ti lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní ojú yín dára. Ẹ ní dókítà lè ṣì í, pé ọkọ ọmọ yín kò ní parọ́ mọ́ yín.

Màmá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mọ èyí tí mi ò kọ̀wé. Ojú ń tì mí ni. Mo ti lọ bá gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní ọwọ́ mi ló jẹ̀bi, ojú yín kọ́. Apẹja tó wà lára àwọn oníbàárà yín ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà ní òun kò gbà mí gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ojú ló ń ti òun fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ẹ̀rọ yín. Kì í ṣe nítorí tèmi. Bí ẹ bá gbà, mo fẹ́ wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n sọ gbogbo èyí lójú ẹnikẹ́ni tí mo bá bá níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ rí mi, ó tọ́ sí mi, màá dúró.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín ó rọ. Kí ojú yín máa ríre títí dọjọ́ alẹ́. Kí ẹ pẹ́ fún wa.

Èmi ni,
Ọkọ ọmọ yín, tó ṣẹ̀ yín.

Àfikún: Ọmọ yín ka ìwé yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n yọ ibi tí mo kọ ọ́ sí pé ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ tí mo wá bá yín. Ó ní kò rẹ̀ mí. Òótọ́ ni. Mo ti yọ ọ́.