Yalan, Mo Ti Mọ Èso Fọ̀ Báyìí

Abúlé Shikeng,
ọjọ́ kẹta tí òjò ti ń rọ̀ tí kò dá.

Yalan ọmọ mi,

Báwo ni ara? Báwo ni Ṣàńgháì, báwo ni ọkọ rẹ, báwo ni Nuonuo ọmọ ọmọ mi? Èmi baba rẹ nìyí, mo wà, mi ò kú, mi ò sì ṣàìsàn, àfi orúnkún mi yìí nìkan tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Kí àwọn baba ńlá wa tó sùn sórí òkè yìí máa fojú rere wò yín. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bàjẹ́, kí ọ̀gá rẹ má rí ẹ̀gàn rẹ, kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè ilé alájà mẹ́tàdínlógún yẹn má há yín mọ́ inú. Kó rí bẹ́ẹ̀.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù tí o rà fún mi dára o, àmọ́ kò ní sùúrù rárá. Ìyá Hong aládùúgbò wa ló kọ́ mi pé kí n tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ kí n máa sọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ náà á fò lọ bá ọ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo jókòó, mo rọra bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni, mo sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi pátá, mo tún sunkún díẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo ṣe tán ni Ìyá Hong wò ó tó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìṣẹ́jú kan péré ni fóònù ń gbà, pé lẹ́yìn ìyẹn ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ibo wá ni ọ̀rọ̀ yòókù lọ. Kò mọ̀. Nítorí náà ìkíni nìkan ló dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìwọ náà kí mi padà, ó tán. Ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ nínú páálí dé, o ṣeun. Àmọ́ o ò sọ ohun tó wà fún, ìwé tó bá a wá sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. A yí i síwá, a yí i sẹ́yìn. Ó rí roboto, àwòrán rẹ̀ fi hàn pé inú omi là ń gbé e sí, ó ń tan iná búlúù, ó sì ń hó. Mo ní áà, ọmọ mi rántí ẹja mi! Nítorí àwọn tó ń ta ẹja nílùú ní irú rẹ̀ tó ń fún ẹja ní èémí. Kíá mo gbé e sínú àmù tí mo ń sin ẹja mẹ́rin sí. Yalan, àwọn ẹja yẹn fò! Ọ̀kan bọ́ lu adìyẹ lórí. Mo ní ayọ̀ ló ń ṣe wọ́n. Ìyá Hong ní ayọ̀ wo, ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀fọ́ àti èso nìyẹn, ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti bí òun, òun ò rí ẹni tó fọ ẹja láàyè rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la jẹ méjì nínú wọn, torí ojú wọn ò dá mi lójú mọ́.

Ìgbà tí mo wá mọ̀ pé ẹ̀rọ ìfọ̀fọ́ lo rà fún mi, ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O ń rántí ọjọ́ tí mo jẹ́ kí Nuonuo já yangmei, èso pupa kéékèèké wa yẹn, láti orí igi sẹ́nu, láìfọ̀ ọ́, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì kí oòrùn tó wọ̀, tí a gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn ìlú. Ọdún kejì rèé tí ẹ ò ti padà wá nígbà èso. Lọ́dún yìí o ní ẹ máa wò ó bí àyè bá wà. Ọmọ mi, mo mọ ohun tí à ń pè ní ẹ máa wò ó, èmi náà ló ń sọ ọ́ fún ẹni tí mi ò bá fẹ́ yá ní kẹ̀kẹ́ mi. Èso ọdún yìí á pọ́n ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì ń lò lórí igi, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ wá. Mo fẹ́ rí ọmọ náà kó tó gbàgbé ojú mi. Ìdí ìwé yìí nìyẹn, jẹ́ kí n wá ròyìn bí mo ṣe kọ́ èso àti ẹ̀fọ́ fífọ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

O mọ̀ pé ìyá rẹ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Omi àkọ́kọ́ tó bá fi ṣan ìrẹsì, kì í dà á nù láé, inú bàsíà rẹ̀ tó ti bó létí yẹn ló ń dà á sí, á kó ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, á fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì bá mi jà, á wá gbé e lọ sétí odò. Ewé kọ̀ọ̀kan ló ń tú, ẹ̀yìn rẹ̀, inú rẹ̀, ìdí rẹ̀ tí iyanrìn ń sá sí. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń ní ṣé ẹ̀fọ́ ló ń lọ sílé ọkọ ni tó ń wẹ̀ tó báyìí. Á ní kí n máa rín in lọ, ó ní ọjọ́ tóun ò bá sí ńlé, iyanrìn ni màá máa jẹ. Yalan, iyanrìn ni mo jẹ fún ọdún kan gbáko. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń ṣan ìrẹsì ní ilé Ìyá Hong báyìí, mo máa ń dúró jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi ṣan án tán.

Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ẹ̀fọ́. Mo rò pé ohun tó lè fọ ṣòkòtò oko, kí ni ẹ̀fọ́ jẹ́ sí i? Ọbẹ̀ náà hó bí ojú odò níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Ìyá Hong ló gba ìkòkò lọ́wọ́ mi. Ó ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn, àti pé òun fẹ́ sùn. Ọjọ́ kejì mo gbọ́ pé ìyá rẹ a máa wọ́n ìyẹ̀fun sí èso àjàrà, á fi omi díẹ̀ sí i, á rọra máa mì ín, ìyẹ̀fun á sì fa eruku lọ. Mo ṣe é. Ìyẹ̀fun mi ló pọ̀ jù, ó di odidi àkàrà mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àjàrà nínú. Mo dín in. Ó dùn, mi ò ní tan ọ́.

Èyí tó wá tì mí lójú jù ni ti sódà àti fínígà. Ẹnì kan sọ pé sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì dára, ẹlòmíì ní fínígà ló dára, mo ní kí ló dé tí màá fi yan ọ̀kan. Mo da méjèèjì lé ẹ̀fọ́ lórí. Háà, ó hó yẹ̀ẹ̀! Ó ru, ó kún bàsíà, ó ń dà sílẹ̀. Mo ní ẹ wò ó, ìdọ̀tí ń sá lọ, oògùn oko ń sá lọ. Mo pe gbogbo ojúlé wa wá wòran. Dókítà Fang tó ń tọ́jú wa ní abúlé ń kọjá lọ, ó dúró, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní àwọn méjèèjì ló ń bá ara wọn jà, pé wọ́n ti pa ara wọn tán, kò sí èyí tó ráyè wo ojú ẹ̀fọ́ nínú wọn. Ó ní kí n lo ẹyọ kan, kí n rẹ ẹ̀fọ́ náà sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má pẹ́ jù, kí n wá fi omi tó mọ́ tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ dáadáa, torí omi tó ń ṣàn ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ó ní kí n fọ̀ ọ́ kí n tó gé e, kì í ṣe kí n gé e kí n tó fọ̀ ọ́. Ohun tí ìyá rẹ ń ṣe létí odò náà ni, láìsí ilé ìwé.

Dókítà yìí náà ló ní kí n kọ fọ́ọ̀mù àwọn arúgbó. Wọ́n bi mí nínú rẹ̀ pé bí nǹkan bá ṣe mí, ta ni kí wọ́n pè. Mo kọ orúkọ ìyá rẹ. Ó ní ṣebí ìyàwó mi ti kú. Mo ní mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ilé ló wà, Ṣàńgháì jìnnà. Ó lu òǹtẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Bí o bá rí igba yúàn, fi ránṣẹ́, kí n fi ra bàsíà tuntun, ìrẹsì, iyọ̀, àti aṣọ ìbora fún ibùsùn ọmọ náà. Àmọ́ inú àpò ìwé ni kí o fi sí. Obìnrin kan láti báǹkì wá fún wa ní bébà kan tó ní àwọn àmì dúdú wẹ́wẹ́ lára, bí ewé tí kòkòrò jẹ, ó ní owó àwọn tó bá ra èso wa á máa gba ibẹ̀ wọlé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ní ìdorí kodò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń lẹ ọ̀rọ̀ oríire lọ́dún tuntun, kí oríire lè jábọ́ lé wa lórí. Oṣù kẹta rèé, kọ́bọ̀ ò tíì jábọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, mo ti ń sá fún un láti òkè ìwé yìí.

Yalan, kì í ṣe ìdọ̀tí ló ṣe Nuonuo lọ́jọ́ yẹn. Kì í sì í ṣe ẹran inú ọ̀rá tí o rà fún un nínú ọkọ̀ ojú irin, tí mo ń pariwo lé lórí títí o fi sunkún pé ìwọ lo fà á. Oògùn ni. Èmi ni mo fín oògùn apakòkòrò sí igi ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí ẹ dé. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀ pé kí a dúró. Ìyá rẹ ló máa ń ka ọjọ́, á so aṣọ pupa mọ́ igi tí a bá fín, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án títí á fi tú u. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ dá a ṣe. Mi ò so nǹkan kan. Inú mi ń dùn pé ẹ dé, mo gbé ọmọ lé èjìká, mo ní kó na ọwọ́ já eléyìí tó dúdú jù. Ìgbà tó ń bì ni mo rántí. Mo rántí, mo sì pa ẹnu mọ́. Dókítà bi wá pé kí lọmọ jẹ, mo ń wo ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Bí ó bá ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ńkọ́? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi lọ fún ọdún méjì, ó ti rẹ̀ mí.

Mo gbé ike náà lọ bá Dókítà Fang lóṣù tó kọjá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní oògùn ọjọ́ mẹ́rin, kò sí omi ìrẹsì, kò sí fínígà, kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè fọ̀ ọ́ kúrò tán. Ó bú mi. Ó tọ́ kó bú mi.

Láti ọjọ́ tí Nuonuo ṣàìsàn mi ò fín igi náà mọ́. Èso rẹ̀ ti kéré, kòkòrò funfun tíntìntín sì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ìdajì wákàtí, wọ́n á rọra jáde, kí ẹ wá fi omi tó mọ́ ṣan án. Bí ọkọ rẹ bá rí wọn, kó má pariwo, oògùn ì bá ti pa wọ́n bó bá wà níbẹ̀.

Ẹ wá. Ìwọ ni kí o já a, ìwọ ni kí o fọ̀ ọ́, má gbọ́kàn lé mi. Èmi ni màá kọ́kọ́ jẹ. Kí Nuonuo dúró di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ bá mi níta tí mò ń bú adìyẹ, kí o fún un ní tirẹ̀. Bí inú bá sì bí ọ jù, tí o ò lè wá, mo gbà, o jàre mi.

Kí ọ̀run pa ìwọ àti ọmọ rẹ mọ́ fún mi, pàápàá níbi tí ọwọ́ tèmi ti kùnà.

Èmi ni, baba rẹ,
Hu Genfa.