Igi Kérésì Tó Ní Àwùjẹ̀

Àdúgbò Lotto,
Mowe,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejìlá.

Ẹ̀gbọ́n mi Rasheedah,

Àsàlámù aléékúmù. Mo kí yín, mo kí bàbá ọmọ, mo sì kí ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún tó ń fi ẹsẹ̀ gbá yín. Mo mọ̀ pé ara yín le, nítorí Màmá àgbà ti fi àdúrà dí gbogbo ọ̀nà tí àìsàn lè gbà wọ Ifọ̀. Àlàáfíà làwa náà wà níbí, àfi ọyẹ́ tó ti kun gbogbo ilé ní ọ̀dà kan náà. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, n kì í rí títì márosẹ̀ mọ́. Ariwo ọkọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, bí ẹni pé odò ńlá kan ń ṣàn lọ sí Ìbàdàn nínú kùrukùru.

Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí n kò pè. Màmá ló ní nǹkan tó wà nínú àpò yìí kò ṣeé fi fóònù ránṣẹ́, àti pé ẹrù tó bá dá rìn, ó yẹ kí ìwé bá a lọ, kó lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì tú àpò náà. Ẹ ka ìwé yìí tán ná. Mo mọ̀ pé ẹ ti tú u.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè wá lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ iṣẹ́. Ẹ sunkún lọ́jọ́ náà pé gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ẹbí wa ló dé fìlà tí Màmá hun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àfi tiyín nìkan ni yóò dé ti ọjà. Màmá gbọ́ ọ. Èmi ni mo jẹ́ kí fóònù pariwo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wo ọwọ́ yẹn bí ẹni ń wo àlejò tí kò sọ ìgbà tí òun máa lọ. Wọ́n á gbé e sórí itan, wọ́n á bo ìborùn lé e. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé e sókè sódò. Wọ́n ní àwọn kò rí ohun tí àwọn fẹ́ fi mú lókè.

Ṣùgbọ́n kí àìsàn náà tó dé, Màmá ti ṣe àdéhùn kan. Àǹtí Ọmọlabí, tíṣà ní ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lẹ́yìn ilé wa, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi wúùlù hun igi Kérésì kékeré ọgbọ̀n, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gbé ọ̀kan sórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ àríyá ìparí táàmù. Ẹ mọ Màmá, wọn kì í yẹ àdéhùn. Ọjọ́ kẹjọ tí ọmọ dáyé kì í sún síwájú nítorí oníṣẹ́ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Nígbà tí oṣù Kọkànlá wọlé, wọ́n pè mí, wọ́n na abẹ́rẹ́ gígùn méjì sí mi, wọ́n ní, "Mùízz, ìwọ lọwọ́ mi báyìí."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo lo ọdún márùn-ún ní Pólì. Wọn kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń hun nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń darí àwọn tó ń hun nǹkan ni wọ́n kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo hun ohun kan tí Màmá fọwọ́ pa títí, wọ́n wá béèrè bóyá ìbọ̀sẹ̀ ewúrẹ́ ni.

Mo fi àwòrán igi náà hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Kí ló ń so?"

"Kì í so nǹkan kan, Màmá. Wọ́n á gbé e sínú pálọ̀, wọ́n á tanná sí i lára."

"Kò so, kò ṣeé dáná, ó wá ń gbé pálọ̀, wọ́n tún ń tanná fún un. Ọmọ olówó ni."

Ohun kan ṣoṣo tí Màmá mọ̀ ọ́n hun lójú oorun ni fìlà ọmọ tuntun, orí fìlà ni wọ́n sì ti kọ́ mi. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pẹ̀lú ogójì ojú òwú, á máa dín in díẹ̀díẹ̀ bó ti ń gòkè, títí yóò fi ṣóńṣó. Wọ́n á di ojú lórí àga, wọ́n á máa kà á fún mi. "Dín méjì. Báyìí ni mo ṣe dín ti bàbá rẹ. Dín méjì sí i. Ti Rasheedah nìyí, orí rẹ̀ gùn, a kàn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni." Igi kọ̀ọ̀kan ló ní ọmọ tó ni ín. Bí ọ̀sán bá pọ́n, tí oòrùn ń wọ inú eruku wá bí omi ọsàn, n kò mọ̀ mọ́ bóyá igi ni mò ń hun tàbí àwọn ẹbí wa. Wọ́n tò sórí fèrèsé, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí mo sùn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lá àlá pé gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń sọdá títì lọ́nà Ibafo, ọkọ̀ gbogbo sì dúró fún wọn. Ibi tí ọkọ̀ ti dúró ni mo ti mọ̀ pé àlá ni.

Àlàájì Sàhéèdì onílé wa bá mi lẹ́nu rẹ̀. "Mùízz! Ìwọ, ọmọ ilé kéwú, igi Kérésì?"

Mo ní, "Fìlà ni, Àlàájì. Ó kàn rí ṣóńṣó ni."

Wọ́n wò ó yíká. Wọ́n ní kí n hun funfun kan fún àwọn, kí wọ́n fi síwájú mọ́tò, kí ó má baà jọ ti Kérésì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ni orí igi náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ṣóńṣó, Màmá á ní, "Dúró níbẹ̀. Má pa á dé. Fi àwùjẹ̀ sílẹ̀." Ẹ mọ̀ pé ihò kékeré kan máa ń wà lórí fìlà wọn, níbi tí orí ọmọ tuntun ti rọ̀ tó ń mí. Mo bi wọ́n bóyá igi ní àwùjẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tó bá kéré tó yìí, tó sì ní orí, ó ní àwùjẹ̀."

Mo gbé ọgbọ̀n igi lọ fún Àǹtí Ọmọlabí, gbogbo rẹ̀ lanu sí ọ̀run. Fóòmù funfun tí a kì sínú wọn ti ń yọjú lókè. Mo ní yìnyín ni. Wọ́n ní, "Mùízz, mo mọ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, lọ rán orí wọn pa. Orí ibẹ̀ ni ìràwọ̀ máa wà, Jímọ̀ sì ni àríyá."

Mo padà sílé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá tí wọ́n ń tòògbé. Mo mú igi kìíní, mo ki abẹ́rẹ́ bọ orí rẹ̀, mo fa òwú. Bí wọ́n ṣe la ojú nìyẹn. Wọn kò rí igi, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ni wọ́n rí. Wọ́n kígbe, "Ṣé o fẹ́ pa á ni!" Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi já a gbà.

Ìborùn ti bọ́ sílẹ̀. Ìka méjì àti àtàńpàkò di igi kékeré náà mú, wọ́n ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó bọ́. Màmá wò wọ́n. Wọ́n ní, "Alihamudulilai." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bínú sí mi dáadáa.

A kò rán orí kankan pa. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo so ìràwọ̀ bébà mọ́, mo sì tì í bọ inú àwùjẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan. Ó dúró ṣánṣán. Àǹtí Ọmọlabí ní bí ihò náà kò bá sí, ibo ni à bá fi í sí? Mo ní òótọ́ ni. Ní Pólì, wọ́n kọ́ wa pé kí oníbàárà máa jàre.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìlà òwú mẹ́rin lójúmọ́, nígbà mìíràn márùn-ún, wọ́n á sinmi. Èyí tó wà nínú àpò yìí, n kò fọwọ́ kàn án. Ó wọ́ díẹ̀ lápá kan. Àwọ̀ ewé ni, nítorí wúùlù igi ló ṣẹ́ kù sílé. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run sọ ẹrù kalẹ̀ láyọ̀. Kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Kí ọjọ́ kẹjọ bá gbogbo wa lórí ìjókòó, kí fìlà náà sì bá orí mu.

Èmi ni àbúrò yín tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìhunṣọ,
Mùízz.

Mo tún rántí: Bí ẹ bá rí ẹyọ ìgbálẹ̀ oníràwọ̀ kan lórí fìlà náà, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó dé e fún ọmọ. Màmá ní kí ẹ kọ́kọ́ gbé fìlà náà sórí tábìlì bí igi, títí ẹni tó ni ín yóò fi dé.